Ìwé Búrẹ́dì Tí Mo Kọ́kọ́ Tẹ̀ka Sí

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń kọ èyí sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, nítorí èmi kò rí ilé ìwé lọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ẹnu dídùn bò ó. Ibi tí mo bá ti hùwà tí kò dáa, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì mi wà létí títì ní Ọ̀mù-Àrán, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń ti Ìlọrin bọ̀ ti máa ń dúró díẹ̀. Ti Ìyàwó wà ní Èsìẹ́. Ìyàwó tí mò ń wí yìí kì í ṣe ìyàwó ọmọ mi o. Obìnrin tí ọkọ mi fẹ́ lé mi ni. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó ti ń pọn ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ Ìyàwó ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní Ìyáálé. Ní agboolé wa, ẹni tó bá fi ọjọ́ kan péré ṣáájú wọlé ti ṣáájú títí ayé. Tí wọ́n bá ń pín ẹran Iléyá, èmi ni mo máa kọ́kọ́ nawọ́. Tí omi ẹ̀rọ bá yọ, korobá mi ló máa wà níwájú. Lọ́jọ́ tí ọkọ wa kú pàápàá, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ mú jókòó sórí ẹní. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sínú ìwé, àmọ́ kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fi ń jowú rẹ̀ kò ju búrẹ́dì lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Àbúrò ìyá mi kan ní Àrán-Ọ̀rin ló kọ́ mi, nígbà tó jẹ́ pé ààrò alámọ̀ la ṣì ń lò, tí a ó máa ti igi bọ inú rẹ̀ títí yóò fi pọ́n, ká tó gbá eérú jáde, ká wá ti páànù wọlé. Nígbà tí Ìyàwó dé, gààrí nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo fi bí wọ́n ṣe ń po fúláwà hàn án, mo fi bí wọ́n ṣe ń da aṣọ bò ó kó lè wú hàn án. Kí ọdún tó yí po, búrẹ́dì rẹ̀ ti rọ̀ ju tèmi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ wa jókòó, ó ya búrẹ́dì kan jẹ. Ó ní, "Ta ló ṣe èyí?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Hẹn."

Ó wá ya ti Ìyàwó. Kò béèrè ẹni tó ṣe ìyẹn. Ó kàn ń jẹ ẹ́ lọ, ó ń fi tíì sìn ín, títí ó fi tán. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin náà ti wọlẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì í, ṣùgbọ́n hẹn yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ìyàwó padà sí Èsìẹ́ tí wọ́n ti bí i, ó mọ ààrò tirẹ̀ sẹ́yìn ilé baba rẹ̀. Mo rò pé ọ̀nà tó wà láàárín wa yóò jẹ́ kára tù mí. Ọ̀nà wo? Ọ̀kadà kì í pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó lọ wo àwọn ère òkúta ní Èsìẹ́ á ra búrẹ́dì rẹ̀ dání, wọ́n á gbé e kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, òórùn rẹ̀ á sì kọ́kọ́ bá mi.

Ìgbà tó yá ni ilé-iṣẹ́ kan láti Èkó wá bá wa. Mi ò ní dárúkọ wọn. Búrẹ́dì wọn ti lókìkí, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìlú bíi tiwa fúnra wọn. Ẹni tó ti ní ààrò tirẹ̀ ni wọ́n máa ń wá. Wọ́n á fún ọ ní orúkọ wọn àti pátákó wọn, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n á máa kó fúláwà tí wọ́n ti po nǹkan tí àwọn nìkan mọ̀ mọ́ wá fún ọ, ìwọ náà á máa fún wọn ní tiwọn lóṣooṣù. Wọ́n sì ṣèlérí pé bí àwọn bá ti fún ẹnì kan ní orúkọ náà nínú ìlú kan, kò sí ẹlòmíràn tí yóò gbé e níbẹ̀, àwọn fúnra wọn pàápàá.

Àwọn èèyàn rò pé nítorí pátákó tó dán ni mo ṣe gbà. Rárá o. Mo rò ó pé bí fúláwà bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, tí pípò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, tí orúkọ ara ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, a jẹ́ pé búrẹ́dì èmi àti ti Ìyàwó ti dọ́gba nìyẹn. Kò tún sẹ́ni tí yóò jẹ méjèèjì tí yóò mọ ìyàtọ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkùnrin ilé-iṣẹ́ náà mú ìwé wá sí ilé ọkọ wa ní Ọ̀mù-Àrán, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Ìyàwó. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ó kàn ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣà níkọ̀ọ̀kan ni. A ti sọ fún àbúrò ọkọ wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, pé kó wá ka ìwé náà fún wa, ṣùgbọ́n kò tíì dé láti mọ́ṣáláṣí.

Ọkùnrin náà kó àwọn ìwé sórí tábìlì, ó gbé yíǹkì tí wọ́n fi ń tẹ̀ka tì í. Ó ní, "Màmá, ẹ dúró kékeré. Bàbá tíṣà wá, ó kà."

A dúró. Mo ń wo Ìyàwó, òun náà ń wo tábìlì. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi yíǹkì.

Mo ní, "Ìyàwó, kí nìyẹn?"

Ó ní, "Ìyáálé mi, ó fẹ́ já bọ́ ni. Mo ní kí n sún un wọlé."

"O ò ní jẹ́ kó já bọ́, àbí? Gbé e wá síbí."

Mo gba yíǹkì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti àtàǹpàkò mi bọ̀ ọ́, mo ní kí ọkùnrin náà fi ojú ibẹ̀ hàn mí. Ó ń sọ pé, "Màmá, ẹ dúró, ẹ dúró."

Mo ní, "Kí n dúró de kí ni? Ṣé kí ìyàwó wá tẹ̀ka ṣáájú mi nínú ilé ọkọ mi?"

Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, gbà! Ó dúdú dáadáa. Mo fi èkísà nu ọwọ́, mo wo Ìyàwó bí ẹni pé mo gba ìlú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí tíṣà ń wọ́ bàtà bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò fẹ́ jókòó kí wọ́n máa kàwé fún ìyàwó lójú mi, mo dìde, mo bá ẹ̀yìnkùlé lọ sídìí ààrò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu tíṣà ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní òun ń ka ìwé Ìyàwó, òun ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí òun fi dé ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín ilé-iṣẹ́ àti ẹni tó gba orúkọ wọn, kóòtù Èkó nìkan ló lè gbọ́ ọ.

Ìyàwó ní, "Ẹ dúró níbẹ̀, ọkọ mi. Ta ni yóò gbé mi lọ Èkó? Ṣé Èkó ni ààrò mi wà ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìjà kò ní sí.

Ìyàwó ní, "Bí kò bá ní sí, kí ló ń wá nínú ìwé?"

Ó ní òun ò tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà bọ́ síta, ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tó padà wọlé, ó fi bírò fa ìlà sórí Èkó, ó kọ Ọ̀mù-Àrán sókè rẹ̀, ó fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà yẹn ni Ìyàwó tó tẹ̀ka.

Tíṣà pariwo láti inú yàrá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá o! Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé yín."

Mo ń ti igi bọ ààrò. Mo dá a lóhùn pé, "Tèmi ti pé!"

Ó tún pè mí. Mo tún ní ó ti pé. Ó ní ìgbà tí òun fi máa jáde wá bá mi, ọkùnrin náà ti kó ìwé sínú báàgì, ó ti gun ọ̀kadà lọ. Ohun tó sì máa ń dùn mí jù ni pé tíṣà fẹ́ sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ náà, mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Ọdún bíi méjì la fi jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn. Ọmọ-ọmọ mi ní kí n sọ òótọ́ nípa búrẹ́dì náà. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ti Èsìẹ́ ṣì ń tán ṣáájú tèmi lójoojúmọ́. Fúláwà kan náà, ọ̀rá kan náà. Mi ò mọ ohun tí obìnrin yẹn ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tó ń kó fúláwà wá kò wá mọ́. A pe fóònù, wọn kò gbé e. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ṣí ilé búrẹ́dì ńlá kan nítòsí gáréèjì ní Ọ̀mù-Àrán, orúkọ wọn gàdàgbà lórí rẹ̀, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kó búrẹ́dì láti ibẹ̀ lọ tà ní Èsìẹ́. Àwọn fúnra wọn ni o, àwọn tó ní ẹnikẹ́ni kò ní gbé orúkọ náà níbẹ̀ mọ́. Wọ́n rán èèyàn wá tú pátákó ṣọ́ọ̀bù mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó tó ń fi sípánà tú nọ́ọ̀tì. Àwọn oníbàárà mi náà ń wò.

Lọ́yà kan wà ní Ọ̀mù-Àrán, ọmọ Àrándùn, obìnrin. Òun ló gba ẹjọ́ àwa méjèèjì. Ó pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní kóòtù Ọ̀mù-Àrán, ìwé tèmi lọ́tọ̀, ti Ìyàwó lọ́tọ̀. Èsì dé. Ti Ìyàwó, wọ́n ní àwọn á wá. Tèmi, lọ́yà wọn ní kí adájọ́ dà á nù, pé Èkó ni mo fi àtàǹpàkò mi gbà.

Lọ́yà kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ìwà burúkú kan náà ni wọ́n hù sí àwa méjèèjì?"

Ó ní, "Ọ̀kan náà ni, Màmá."

"Òun á wá máa gun ọ̀kadà wá kóòtù, èmi á wá máa wọ ọkọ̀ lọ Èkó?"

"Bí ìwé yín ṣe wí nìyẹn."

Orúnkún mi nìyí, ẹ̀jẹ̀ ríru mi nìyí. Láti ilé dé mọ́ṣáláṣí pàápàá, mo ń sinmi lọ́nà. Àwọn tó lè jẹ́rìí mi, wọ́n ń gbé Ọ̀mù-Àrán. Bí adájọ́ bá fi lè ní kí n lọ Èkó, ó ti parí nìyẹn. Ààrò mi á tutù, mi ò sì ní ráyè sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí wọ́n fi ojú mi rí.

Ọmọ-ọmọ mi, ibí yìí ni mo ní kó o má bò. Ní àsùbáà ọjọ́ kejì, nígbà tí mo kírun tán, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo bẹ Ọlọ́run pé kí adájọ́ lé ẹjọ́ Ìyàwó náà lọ Èkó. Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kí tèmi dúró. Pé kí tirẹ̀ lọ ni mo bẹ̀. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ-ọmọ mi yìí kan náà ló wo inú fóònù rẹ̀ tó ní, "Ìyá àgbà, ní Amẹ́ríkà, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin tiwọn fún irú òwò yìí. Bí èèyàn bá ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ṣòwò níbẹ̀, ìwé yòówù tó bá fẹ́ wọ́ ẹjọ́ rẹ̀ jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ náà, òfin á ní kò lágbára. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kan kò bá èkejì dọ́gba."

Mo ní kó gbé fóònù náà tọ lọ́yà wa lọ. Lọ́yà wò ó, ó ní òótọ́ ni, àmọ́ pé òun kò mọ irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Kwara. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò ṣófo. Ìwé kò lè fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn kóòtù pa. Adájọ́ á kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ náà, á wo ibi tí àwọn ẹlẹ́rìí wà. Òfin mìíràn sì tún wà tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹni tó bá kọ ìwé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kà á fún un ní èdè tó gbọ́, kó sì yé e, kó tó tẹ̀ka. Ọkùnrin yẹn kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé yín pé òun kà á fún yín ní Yorùbá. Ṣé ó kà á?"

"Kò kà á."

"Ta ló wà níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí sí i?"

Tíṣà kò tíì dé nígbà tí mo tẹ̀ka. Èmi, ọkùnrin náà àti Ìyàwó nìkan la wà ní yàrá.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń yí i lọ, yí i bọ̀. Kí n gun ọ̀kadà lọ Èsìẹ́, kí n lọ bẹ ìyàwó mi! Nígbà tí lọ́yà ní ọjọ́ ti ń lọ, mo lọ. Mo bá a nídìí ààrò, ó ń po fúláwà lásán tó rà lọ́jà, àwọn èèyàn sì ti tò sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń dúró de èyí tí kò tíì jinná. Lọ́dọ̀ tèmi, eṣinṣin ló ń tò.

Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo ro ẹjọ́. Mo wá ní, "Ohun tí wàá sọ ni pé ọkùnrin náà kò ní ká dúró. Pé ó kàn fi ipá ti ọwọ́ mi sórí ìwé ni."

Ó gbọn fúláwà kúrò lọ́wọ́. "Ìyáálé mi, ó ní kẹ́ ẹ dúró."

"Mo mọ̀ pé ó ní kí n dúró! Ṣé èmi ò sí níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n á fi Kùránì lé mi lọ́wọ́. Ohun tí mo rí ni mo máa sọ."

"O fẹ́ sọ fún gbogbo ayé pé mo kánjú."

"Ẹ kánjú, Ìyáálé mi."

Mo binú dìde. Ó sáré kó búrẹ́dì méjì sínú ọ̀rá fún mi, mo ní mi ò gbà. Mo dé ojú títì, mo tún padà lọ gbà á. Mo jẹ ọ̀kan lórí ọ̀kadà. Mi ò ní sọ bó ṣe rí lẹ́nu mi.

Ọjọ́ kóòtù pé. Wọ́n fi Kùránì lé e lọ́wọ́, ó búra. Èèbó ni adájọ́ àti àwọn lọ́yà ń sọ, akọ̀wé kóòtù sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Lọ́yà wa bi í pé, "Lọ́jọ́ tí ìyáálé yín tẹ̀ka, ṣé ẹnikẹ́ni ka ìwé náà fún wọn?"

"Kò sẹ́ni tó kà á."

"Ọkùnrin tó mú un wá ní òun kà á ní Yorùbá."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín. "Yorùbá wo? Ọmọ yẹn tó jẹ́ pé ọwọ́ ló fi ń tọ́ka sí omi tó bá fẹ́ mu?"

Lọ́yà ilé-iṣẹ́ dìde. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní, "Ìyá, ṣé kì í ṣe òótọ́ ni pé ó ní kí ìyáálé yín dúró de ẹni tí yóò kà á?"

"Òótọ́ ni."

"Kí ló dé tí wọn kò dúró?"

Ìyàwó wò mí. Èmi náà wò ó. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, ó yá, dójú tì mí.

Ó ní, "Wọ́n rò pé mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ṣáájú wọn."

Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín kó tó rántí túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó túmọ̀ rẹ̀ tán, adájọ́ bo ẹnu, ó bi í fúnra rẹ̀ pé, "Ṣé lóòótọ́ lẹ fẹ́ ṣáájú wọn?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, yíǹkì ló fẹ́ já bọ́."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo fi gèlè bojú.

Lọ́yà wọn kò jáwọ́. "Nígbà tí ẹ̀yin ní kí wọ́n pa Èkó rẹ́, ṣé kò sí ẹni tó pe ìyáálé yín pé kí wọ́n wá gbọ́?"

"Tíṣà pè wọ́n. Wọ́n wà nídìí ààrò. Wọ́n ní tàwọn ti pé."

"Kí ni wọ́n mọ̀ nínú ìwé náà tí wọ́n fi ní ó pé?"

"Wọn ò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀, sà. Ẹni tí kò mọ̀wé ni wọ́n, bíi tèmi. Tèmi náà ì bá pé bẹ́ẹ̀ ká ní èmi ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́."

Lọ́yà wọn yíjú sí adájọ́, ó ní bí ìwé náà kò bá yé mi, báwo ni mo ṣe wá ń fi ìwé kan náà béèrè pé kí ẹlòmíràn má gbé orúkọ wọn nílùú? Lọ́yà wa ní ẹni tí kò mọ̀wé ni òfin ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹni tó kọ ìwé fún un.

Ìyàwó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò gbójú sókè. Lójú tèmi, ó ti pa mí.

Nígbà tí wọ́n pè wá padà fún ìdájọ́ lórí ọ̀rọ̀ Èkó yìí, adájọ́ ní òótọ́ ni pé ìwé mi sọ pé Èkó. Ó ní òótọ́ sì ni pé mo kánjú, ẹ̀bi ìyẹn sì wà lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó kọ ìwé ló yẹ kó rí i pé wọ́n kà á kó tó gbà á lọ́wọ́ mi, kì í ṣe kó wá kọ irọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, pé òun fi èdè tí òun ò gbọ́ kà á. Ó ní ẹlẹ́rìí tí kò fi èyí tó tàbùkù mi pamọ́ nígbà tó ń sọ èyí tó ràn mí lọ́wọ́, òun kò rí ìdí tí òun kò fi ní gbà á gbọ́. Ó tún ní Ọ̀mù-Àrán ni ààrò wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ta búrẹ́dì, ilé-iṣẹ́ tó sì lè wá bá ìyàwó ṣẹjọ́ níbí kò lè sọ pé ọ̀nà jìn láti wá bá ìyáálé rẹ̀. Ẹjọ́ mi dúró. Wọ́n á jọ máa gbọ́ méjèèjì pọ̀ ni.

Lọ́yà dì mọ́ mi. Ní ìta kóòtù, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ lọ́yà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé tó túmọ̀. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ yí Ìyàwó ká. Ọ̀kan ń sọ pé, "Ìwọ lo gba ìyáálé rẹ sílẹ̀ o! Irú ìyàwó báyìí ṣọ̀wọ́n." Ó ń gún mi láyà. Mo jàre, ẹnu rẹ̀ ni mo fi jàre.

Nígbà tí wọ́n tú ká, ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí a ti ń dúró de ọ̀kadà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì.

Mo ní, "O ṣé."

Ó ní, "Kí ni mo ṣe, Ìyáálé mi? Ohun tí mo rí ni mo sọ."

Ìyẹn tún bí mi nínú. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo fi là á fún un. Mo ní, "Kó o má bàa rò pé èèyàn dáadáa lo gbà sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kírun tí mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n lé tìẹ náà lọ Èkó."

Mo rò pé ó máa dìde. Ó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀.

Ó wá ní, "Lọ́jọ́ tí lọ́yà sọ fún mi pé tiyín ń lọ Èkó, tèmi dúró, mo dé ilé, mo ti ilẹ̀kùn, mo jó."

"O ṣe kí ni?"

"Mo jó, Ìyáálé mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn, gbogbo ohun tí mo bá rí, ẹ̀yin lẹ ti rí i ṣáájú. Ọkọ, ọmọ, aṣọ. Kódà èmi kì í gbọ́ orúkọ mi. Ìyáálé ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè. Búrẹ́dì yẹn gan-an, bí wọ́n bá yìn mí, wọ́n á ní, 'Ta ló kọ́ ọ?' Èmi náà á ní ẹ̀yin ni. Inú mi kì í dùn tí mo bá sọ ọ́."

Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo fi ń wo obìnrin yìí, mo rò pé kò ní ohun tó ń dùn ún.

Mo ní, "O ń jowú mi?"

Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ."

Mi ò ní purọ́ fún ẹni tó bá ń ka èyí. Ẹjọ́ wa ṣì wà níwájú adájọ́ ní Ọ̀mù-Àrán. A ò tíì mọ ibi tí yóò já sí, ilé búrẹ́dì ńlá wọn sì ṣì wà nítòsí gáréèjì. Adájọ́ ti fún mi ní ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún lọ́jọ́ náà, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbé délé tí mo ń rẹ́rìn-ín sí, tí mo ń rántí títí oorun fi gbé mi lọ, kì í ṣe ìdájọ́. Ọ̀rọ̀ tí Ìyàwó sọ lórí bẹ́ǹṣì ni, pé òun náà ti ń jowú mi látọjọ́ yìí.